Ṣé mángà Doubt tó owó tí wọ́n ń tà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ní kí n ra mángà kan, ìwé ìtàn aláwòrán ti àwọn ará Japan, tó ń jẹ́ Doubt fún òun. Ó ní ìtàn apanilẹ́rù ni, àti pé ìdí ọ̀rọ̀ náà le láti mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mo lè bá a kà á. Ṣùgbọ́n owó kò sí nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi ṣòfò. Kí ló dáa nínú rẹ̀, kí ni kò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bí o bá fẹ́ ìtàn tí yóò já ẹ láyà, rà á. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ jókòó fi ọpọlọ wá ọ̀daràn rí kí òǹkọ̀wé tó tú u fó, ìwé yìí máa bí ẹ nínú níkẹyìn.

Yoshiki Tonogai ló kọ ọ́, òun náà ló ya àwòrán rẹ̀. Inú Monthly Shōnen Gangan, ìwé ìròyìn oṣooṣù ti Square Enix ní Japan, ló ti jáde láti 2007 sí 2009. Apá mẹ́rin péré ni. Yen Press tó tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì dì í pọ̀ sí ìwé ńlá méjì. Rí i pé méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí o tó sanwó, nítorí ẹni tó bá ka ti àkọ́kọ́ nìkan kò tíì mọ nǹkan kan.

Géèmù orí fóònù kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà. Ehoro ni gbogbo àwọn tó ń ta á, àfi ẹnì kan tó jẹ́ ìkookò láàárín wọn. Ìkookò ń pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù á máa jiyàn, wọ́n á máa fura síra wọn títí wọn yóò fi mú un. Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ta á pàdé ara wọn lójúkorojú. Ìgbà tí ojú wọn yóò fi là padà, wọ́n ti há sínú ilé kan, òkú ọ̀kan nínú wọn sì ti wà lára ògiri.

Ibi tí mo ti gbé ṣùbà fún Tonogai nìyí: ara kálukú wọn ni wọ́n tẹ bákóòdù sí, àmì onílà dúdú irú èyí tó máa ń wà lára páálí ọjà. Àmì yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni tẹnì kan lè ṣí. Rò ó wò. Bí o bá ti lo tìrẹ, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni apààyàn. O kò lè fọkàn tán an, o kò sì lè fi í sílẹ̀. Nǹkan kékeré yìí ló ń ti ìtàn náà síwájú ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Àwòrán náà ń ràn án lọ́wọ́: ọ̀nà inú ilé ṣú dùdù, lẹ́yìn náà lo máa ṣí ojú ìwé tí orí ehoro ràgàjì kan yọ sí ẹ. Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, síbẹ̀ àyà mi já.

Wàyí o, àléébù rẹ̀. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tí o kò tíì mọ̀ dáadáa ni yóò ṣàdédé máa rántí ìgbà èwe rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ á ti mọ̀ pé ikú ẹ̀ kò jìnnà mọ́. Wọ́n tún máa ń ṣe ohun tí ẹni tó gbọ́n kò ní ṣe: wọ́n á pínyà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n á tètè gbà gbọ́.

Ìparí rẹ̀ ló burú jù. N kò ní sọ ọ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: Tonogai ti ju ẹ̀rí díẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò purọ́ pátápátá. Ibi tí ọ̀ràn wà ni pé ọgbọ́n tí ọ̀daràn lò kò ní ààlà. Ìwé náà kò sọ ohun tí ọgbọ́n yẹn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, nítorí náà kò sí bí òǹkàwé ṣe lè fi í ṣèṣirò. Ó dà bí ẹni tó ń ta ayò tó wá yọ ọmọ ayò mìíràn látinú àpò agbádá. Bákóòdù ní òfin tó yé gbogbo wa. Ìdáhùn kò ní. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú ìwé tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa báyìí.

Ní ti àbúrò rẹ, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, òkú náà sì wà lójú ìwé gbangba. Ka apá àkọ́kọ́ fúnra rẹ ná, ìwọ lo mọ bí ọkàn ẹ̀ ṣe le tó. Bí ẹ bá máa kà á, ẹ kà á tán lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tó bá dáwọ́ dúró láti ronú ni yóò rí àwọn ihò inú rẹ̀. Láti apá ọ̀tún lẹ ó ti máa kà á sí òsì o, bíi mángà yòókù. Má sì lọ tẹ orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ sórí Google. Gbólóhùn kan péré lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bó bá dùn mọ́ yín, Judge, apá mẹ́fà, tí Tonogai kan náà kọ lẹ́yìn rẹ̀, ló kàn.