Ta Ni Kí N Sọ Ọ́ Fún ní Wọ́ọ̀dù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta, ọmọ ọdún 27 ni mí. SS ni ẹ̀jẹ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́, ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù. Lóṣù tó kọjá, kíráísísì mú mi lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, wọ́n sì dá mi dúró sí ilé ìwòsàn wa náà. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gbọ́ pé ẹnì kan ti lọ yẹ káàdì mi wò. Wọ́n ti ń pè mí ní "fòníkú-fọ̀ladìde" lẹ́yìn mi. Ẹnì kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ti gbé orúkọ mi lọ sí ibi àdúrà àwọn obìnrin. Mátírọ̀nù tuntun ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí n sọ fún wọn ni, àbí kí n dákẹ́? Tí mo bá sọ, ṣé wọn ò ní ní mi ò lè ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?
— Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe.

Ọdún 33 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì jẹ mátírọ̀nù fún ọdún 11 nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà lábẹ́ mi ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, SS lòun náà. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ ọ́ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, à ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe alẹ́. Gbogbo wa dúró yí tábìlì ká, òun ló ń ka rípọ́ọ̀tù aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì 9. Mo wo ojú rẹ̀, ó pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Mo ní, "Ṣé o lo folic acid rẹ lánàá? Ṣé kì í ṣe kíráísísì ló tún ń bọ̀ yẹn?" Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń nu ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ náà kò gbójú sókè. Ó ka bẹ́ẹ̀dì 9 tán, ó ka 10, ó ka 11, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ò fi gbọ́ ọ dáadáa mọ́. Kí oṣù náà tó parí, ó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Kò sí wàhálà, mà." Wàhálà wà. Ìfẹ́ ni mo fi bèèrè, ṣùgbọ́n ohun tó fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo tú síta. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà rẹ fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ti káàdì rẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ọ dúró, aláìsàn ni ọ́ bíi ti gbogbo aláìsàn. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ nìkan ló ní ohun tí wọ́n ń wá nínú káàdì yẹn. Aṣọ funfun tí ẹni yẹn wọ̀ kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni àìsàn ẹni àti ìtọ́jú rẹ̀, títí kan pé ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jáde bí ìwọ fúnra rẹ bá fọwọ́ sí ìwé, bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí bí fífi í pamọ́ bá máa kó ewu ńlá bá àwọn aráàlú. Ká ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń ṣe ọ́, ọ̀rọ̀ náà ì bá yàtọ̀, torí ó lè ran aláìsàn. SS kì í ràn. Kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, mú un lọ bá ọ̀gá àwọn oníkáàdì, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bèèrè ẹni tó gba káàdì rẹ jáde àti ọjọ́ tó gbà á. Má dárúkọ ẹni tí ojú rẹ kò tó.

Ẹni tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pè é sí kọ̀rọ̀. Sọ fún un pé, "Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Jọ̀ọ́, má dárúkọ mi níbẹ̀ mọ́." Ọlọ́run tí wọ́n ń ké pè ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ ṣáájú wọn.

Ní ti orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ yẹn, inú bí mi nígbà tí mo kà á. Àwọn baba wa tó sọ àìsàn náà bẹ́ẹ̀ kò ní folic acid, wọn ò ní Paludrine, wọn ò ní hydroxyurea. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Nọ́ọ̀sì tó ń fún aláìsàn ní oògùn wọ̀nyí lójoojúmọ́, tó tún wá ń fi orúkọ yẹn pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní àwíjàre kankan.

Wàyí o, mátírọ̀nù. Ká ní ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tàn ká ni, ǹ bá ní kí o má tilẹ̀ dárúkọ àìsàn náà. Ohun tí iṣẹ́ bá nílò tó láti sọ: òtútù kò bá ọ lára mu, omi kò gbọdọ̀ wọ́n ọ, àìsùn tó bá tẹ̀ léra máa ń dá ọ gúnlẹ̀. Mo mọ àwọn nọ́ọ̀sì tí kì í fi omi kan ẹnu láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn méjì ló ń ṣọ́ ọgbọ̀n aláìsàn, kò sì sí ẹni tí yóò dúró dè wọ́n bí wọ́n bá lọ tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tẹ̀ bíi dòjé kò gba irú ìyẹn. Nítorí náà, ní kí dókítà rẹ kọ lẹ́tà: kí iṣẹ́ alẹ́ rẹ má ṣe tẹ̀ léra ju iye tí òun bá fọwọ́ sí lọ, kí o máa ráyè mu omi, kí wọ́n má gbé ọ sí ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí ọ lára mọ́jú. Kò pọn dandan kí orúkọ àìsàn wà nínú lẹ́tà yẹn.

Ṣùgbọ́n tìrẹ ti tàn. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn kò ní jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan pé kí wọ́n tó sọ fún ẹni tuntun. Ẹnu rẹ ni kó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Sọ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, SS ni mí, dókítà ń tọ́jú mi, mo sì lè ṣe iṣẹ́ mi. Ohun tí mo nílò nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí nípa ara mi lójú àwọn yòókù." Má gbàgbé gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ká ní ọmọbìnrin tó wà lábẹ́ mi yẹn sọ ọ́ fún mi ni, bóyá ǹ bá ti dákẹ́.

O bèèrè bóyá wọ́n á ní o kò lè ṣiṣẹ́. Àwọn kan á sọ ọ́, mi ò ní tàn ọ́. Ní gbogbo ayé, orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti ń bí ọmọ SS jù, àwọn ọmọ yẹn ló ń sunkún ìrora ní wọ́ọ̀dù wa, tí àwọn nọ́ọ̀sì kan á sì máa wò wọ́n bí ẹni tó ń díbọ́n. Ìwọ kò ní wò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí wọn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tí pentazocine, abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ńlá, kan ṣoṣo bá dàwátì nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́, ẹni tí wọ́n mọ̀ sí SS ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Má dá kọ́kọ́rọ́ náà mú. Ìwọ àti ẹlòmíràn ni kẹ́ ẹ jọ kà á, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Bí ìrora bá mú ọ, má mú oògùn wọ́ọ̀dù lò, ì báà ṣe paracetamol; kíníìkì òṣìṣẹ́ ni kí wọ́n ti kọ tìrẹ fún ọ.

Lẹ́yìn mátírọ̀nù, wá ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ jọ ń ṣe alẹ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ní ìdákọ́. Fi hàn án ibi tí oògùn rẹ wà nínú báàgì rẹ. Sọ fún un pé bí ara rẹ bá gbóná, tàbí tí àyà bá ń dùn ọ́ tí èémí kò sì já gaara, kó pe dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má gbọ́ tìrẹ bí o bá ní kó dúró díẹ̀.

Lọ bá mátírọ̀nù yẹn lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn dókítà bá ti yẹ aláìsàn wò tán. Mú lẹ́tà dání, ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ, kó tó jókòó kọ rọ́sítà oṣù tó ń bọ̀.