Ọjọ́ Tí Lẹ́tà Tẹ̀ Wọ́n Lọ́wọ́ Ni Kí O Máa Kà

Akọ̀wé ọmọ Ìbàdàn,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin lo ti ń ṣe akọ̀wé ní ilé ìtajà ohun èlò ìkọ́lé tí ọ̀rẹ́ màmá rẹ dá sílẹ̀, Mọ́mì lo sì ń pè é. Iṣẹ́ mìíràn tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ti dé, ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí o bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o sọ fún Mọ́mì, ó fi ìbínú dáhùn pé nótíìsì oṣù mẹ́ta ni òun ń gbà, pé bí o bá lọ ṣáájú, o kò ní fojú kan owó oṣù yìí, ìwé ẹ̀rí rẹ tí òun tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀ kò sì ní jáde. Ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ kò sọ ohunkóhun nípa nótíìsì. O wá ń bi mí bóyá kí o kúkú má padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí o sì pa fóònù rẹ.

Rárá o. Inú gbólóhùn kan péré lo ti mẹ́nu bà á pé àbúrò màmá rẹ ni ó ṣe onídùúró fún ọ, bẹ́ẹ̀ òun ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ bá. Bí o bá pòórá, tí àkọsílẹ̀ àwọn bíríkìlà tí ó ra sìmẹ́ńtì láwìn sì jẹ́ ohun tí ìwọ nìkan mọ̀ ọ́n kà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọn yóò kàn, ọ̀rọ̀ olè yóò sì wọ inú ohun tí kò ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó kan lọ.

Oṣù mẹ́ta tí Mọ́mì ń pè, n kò mọ ibi tí ó ti wá. Òfin Labour Act ilẹ̀ Nàìjíríà fi iye ìgbà tí ènìyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ wọn nótíìsì: ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan, ẹni tí ó ti jù bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, láti ọdún méjì títí di ìgbà tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni tìrẹ, iye kan náà ni Mọ́mì ìbá sì fún ọ bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó fẹ́ kí o máa lọ. Òun gan-an ni ó yẹ kí ó ti kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó pé. (Àwọn akọ̀wé àti àwọn tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ ni òfin yìí ń bá wí, kí àwọn máníjà lọ wo àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí.)

Ṣùgbọ́n ohun tí o fẹnu sọ kò tíì di nótíìsì, nítorí nótíìsì tí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Mo jìyà èyí nígbà èwe mi: mo dágbére fún ọ̀gá mi, ó súre fún mi, a jọ rẹ́rìn-ín, nígbà tí mo sì padà lọ gba owó mi, wọ́n ní ṣe ni mo sá kúrò níṣẹ́. Ta ni n bá pè ní ẹlẹ́rìí?

Nítorí náà, kọ lẹ́tà lálẹ́ òní. Ìlà márùn-ún ti tó: déètì, pé o fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí o máa ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, pé kí wọ́n san owó rẹ pé pérépéré lọ́jọ́ náà, àti pé kí wọ́n dá ìwé ẹ̀rí rẹ padà. Má kọ ìbínú kankan sínú rẹ̀. Ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí tìrẹ, kí wọ́n sì kọ déètì sí i. Bí Mọ́mì bá kọ̀, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp tí ó máa ń fi iṣẹ́ rán ọ. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni òǹkà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá rọ̀. Ilé ẹjọ́ ti fi ọjọ́ ìgbàwé ṣe òdiwọ̀n láti ìgbà ẹjọ́ Benson àti Onitiri ní ọdún 1960.

Ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọjọ́ mẹ́wàá ni o sì ní, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin ni ó ṣẹ́ kù tí kò bára mu. Kọ́kọ́ bẹ àwọn tí ó fẹ́ gbà ọ́ pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ síwájú. Bí wọn kò bá gbà, òfin fàyè gba kí ẹ fi owó dípò nótíìsì, bí Mọ́mì bá fara mọ́ ọn, owó iṣẹ́ gan-an nìkan ni a sì ń fi ṣírò rẹ̀, láìka owó àjẹmọ́nú. Nínú 90,000 náírà tí o ń gbà, o ní owó ọkọ̀ jẹ́ 15,000. 75,000 tí ó kù, bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, yóò jẹ́ 2,500 lóòjọ́. 10,000 náírà ni ọjọ́ mẹ́rin. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ẹ̀ ń torí rẹ̀ bínú.

Owó ọjọ́ tí o ti ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun ìdógò, ìwé ẹ̀rí tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀ náà kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá há wọn mọ́wọ́, lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, sì ní ẹ̀ka n'Íbàdàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wù mí kí ẹ débẹ̀.

Ìwọ, màmá rẹ àti àbúrò rẹ̀ ni kí ẹ jọ mú lẹ́tà náà lọ bá Mọ́mì ní ìrọ̀lẹ́, kí o kúnlẹ̀ kí o tó fi lé e lọ́wọ́. Kí ìwọ àti Mọ́mì fi ọjọ́ tí ó kù ka ìwé àwìn náà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Kí o tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, gba fọ́ọ̀mù onídùúró tí àbúrò màmá rẹ fọwọ́ sí, kí o sì dá a padà fún un.