Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fún Ọkọ Mi Mú Un Gbọ̀n

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọsibítù kan ní Adó ni wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ọkọ mi lára. Kò tíì lọ jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Wọ́n dá a dúró kíá. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ èèyàn burúkú ni. Ṣé ó tún lè gba ẹ̀jẹ̀?
Ìyàwó ilé, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Màmá, àmọ́ ìwà ò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó dá a dúró mọṣẹ́. Wọ́n á ti ẹ̀jẹ̀ pa, abẹ́rẹ́ ò ní kúrò lápá, wọ́n á so omi oníyọ̀ kọ́. Ọ̀nà yẹn ni oògùn máa gbà bí ọ̀rọ̀ bá le. Wọ́n á tún fi orúkọ ara báàgì wé ti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí Òjó méjì ní wọ́ọ̀dù kan rí!

Ẹ̀yìn ríro yẹn ló ń kọ mí lóminú, torí ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ bi wọ́n ohun tí láàbù rí, kí ẹ sì wo ìtọ̀ rẹ̀: bó bá dúdú bíi kóòkì, ẹ tètè sọ. Ibà lásán, parasitamọ́ọ̀ lè kápá rẹ̀. Ara yíyún náà ní oògùn tiẹ̀. Bí ètè bá wú, tí èémí ń há, abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì sí itan ni, kíákíá.

Ó lè tún gbà á bí dókítà bá ní ó nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó so ó kọ́. Kí nọ́ọ̀sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí nǹkan kékeré ara róbà yẹn pé kó tètè tán kẹ́ ẹ lè bá mọ́tò Ìkẹ́rẹ́.