Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ímeèlì tí a fi ń gba ẹ̀sùn

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléeṣẹ́ kékeré kan tí ó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ìbarà, nílùú Abẹ́òkúta, ni mò ń bójú tó. A gba nọ́ńbà IP tiwa (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) lọ́dọ̀ AFRINIC, àjọ tí ó ń pín irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà, ó sì yẹ kí a fi ímeèlì tí aráyé lè fi ẹjọ́ sùn wá sí àkọsílẹ̀ wa níbẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó ń bá wa tọ́jú ẹ̀rọ kọ ọ́ báyìí: “abuse [at] example [dot] com”, ó ní kí àwọn tí ń fi lẹ́tà jìbìtì ránṣẹ́ má baà rí i lò. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò tọ́, ọ̀gá wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ ohun tí ó ń sá fún. Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò wá àdírẹ́sì náà kì í ṣe ènìyàn: ètò kọ̀ǹpútà ni, èyí tí ó máa ń béèrè lọ́wọ́ WHOIS (àkọsílẹ̀ gbangba nípa àwọn tí ó ni nọ́ńbà IP) ẹni tí ó ni nọ́ńbà tí ìkọlù ti wá, tí yóò yọ ohun tí ó bá bá ní ìlà “abuse-mailbox”, tí yóò sì fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rí àmì @ níbẹ̀, kò rí àdírẹ́sì nìyẹn. Ẹni tí kò sì rí ibi fẹjọ́ sùn lè dí gbogbo nọ́ńbà yín pa, kí ímeèlì àwọn oníbàárà yín ní Ìbarà má sì dé ibi tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ mọ́.

Ẹ kọ ọ́ gbọrọ báyìí:

abuse-mailbox: abuse@example.com

Ẹ má fi orúkọ ènìyàn ṣáájú rẹ̀, ẹ má fi “mailto:” sí i, ẹ má sì fi àmì ìdánudúró parí rẹ̀. Ìlà “remarks” kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ohun tó bá wu kálukú ni ó ń kọ síbẹ̀. Orúkọ “abuse” náà kò ṣeé fi pamọ́, torí láti ọdún 1997 ni RFC 2142, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ti yà á sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀sùn yìí. Ẹnikẹ́ni ló lè méfò rẹ̀. Síbẹ̀, ó sàn ju ímeèlì òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lọ, èyí tí kò ní sí ẹni tí yóò máa kà á mọ́ lọ́jọ́ tí ó bá fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ti lẹ́tà jìbìtì tí ó ń bà yín lẹ́rù, yóò wọlé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí asẹ́ ímeèlì yín máa dá a nù fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń fẹjọ́ sùn sábà máa ń fi ẹ̀dà lẹ́tà jìbìtì tí ó gbà gan-an há ẹ̀sùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, asẹ́ náà kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.