Èsì: Bàbá ní kí a gbé òun kúrò lọ́sibítù Ìlọrin padà sí Ọ̀fà

Ẹ gbé Bàbá lọ sílé, ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ìtọ́jú ọsibítù mọ́. Kì í ṣe pípa, bí àbúrò yín ṣe ń pè é. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 gbà kí aláìsàn kọ ìtọ́jú, tí orí wọn bá ṣì pé, tí dókítà sì ti ṣàlàyé àyọrísí rẹ̀ fún wọn. Ríran èèyàn lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀ lòfin Kwara kà sí ọ̀ràn, ìyẹn ọ̀tọ̀.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ bi dókítà nípa mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora líle tí wọ́n ń mu, kó kọ bí wọn ó ṣe máa lò ó sílẹ̀. Ìrora lóru ló le jù.

Ìyá mi lò ó ní Òmù-Àrán. Òwú tútù la fi ń nu ètè wọn, wọ́n ṣì ń bèèrè bóyá àgbàdo ti gbó.