Orúkọ mi ló wà lórí ìwé ọkọ̀, èmi kọ́ ni mo wà á: ṣé èmi ni n ó san owó páàkì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin amòfin. Manchester ni à ń gbé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta 2025, ẹnìkan nínú ẹbí yá ọkọ̀ mi lọ sí ibi tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí. Wákàtí méjì ni wọ́n ní kéèyàn gbé ọkọ̀ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ̀ sì pẹ́ níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìwé kankan lára gíláàsì nígbà tí ọkọ̀ padà délé. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà wá dé lórúkọ mi. 13 oṣù Kẹta ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Wọ́n ní kí n san £100, tàbí £60 bí mo bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14. Àbúrò mi ní kí n jù ú sí ààtàn, ìyàwó mi ní ká sanwó ká sinmi. Ṣé dandan ni kí n dárúkọ ẹni tó wa ọkọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì sanwó, ẹ má sì jù ú sí ààtàn. Ẹ kọ́kọ́ wo irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, torí PCN ni káńsù ń pe tirẹ̀, PCN náà ni ilé iṣẹ́ aládàáni ń pe tiwọn. Ti káńsù ni Penalty Charge Notice. Ìtanràn tí òfin gbé kalẹ̀ ni, ẹni tó ni ọkọ̀ ni wọ́n sì ń bi, ẹni yòówù kó wà á. Ti aládàáni ni Parking Charge Notice. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń sọ ni pé awakọ̀ rí pátákó wọn, ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ó ti bá wọn ṣàdéhùn nìyẹn, ó sì yẹ àdéhùn. Ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀daràn, kò sì lè fi póìntì sórí láísẹ́ǹsì ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn ún jà nìyí: awakọ̀ ló ṣàdéhùn, kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí V5C, ìyẹn ìwé ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pe ẹni yẹn ní olórúkọ. Láyé àtijọ́, bí ilé iṣẹ́ kò bá mọ awakọ̀, kò sí ọ̀nà tó ṣe tààrà láti mú olórúkọ. Òfin Protection of Freedoms Act 2012 ló yí i padà láti 1 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ó fòfin de fífi irin há táyà ọkọ̀ lórí ilẹ̀ aládàáni, ó sì fún àwọn ilé iṣẹ́ páàkì ní Schedule 4, ìyẹn àfikún kẹrin òfin náà, tó ní wọ́n lè gba owó náà lọ́wọ́ olórúkọ. Ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kò gba ká fo ọ̀kan. Bí wọ́n bá kùnà nínú rẹ̀, awakọ̀ nìkan ló kù tí wọ́n lè bi. England àti Wales nìkan ni òfin yìí dé. Ẹni tó gba lẹ́tà tirẹ̀ láti Scotland tàbí Northern Ireland kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá béèrè bóyá dandan ni kí ẹ dárúkọ. Rárá o. Ọlọ́pàá ló ní irú agbára yẹn, lábẹ́ section 172 inú Road Traffic Act 1988. Ilé iṣẹ́ aládàáni kò ní in. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè fún wọn ní orúkọ awakọ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀, gbèsè á kúrò lọ́rùn yín, á bọ́ sí ọrùn tirẹ̀. Àmọ́ àléébù tó wà nínú lẹ́tà wọn, tí ẹ̀yin ì bá fi jà, kò ní wúlò fún awakọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́ ná.

Bí kò ti sí ìwé lára gíláàsì, kámẹ́rà ló ka nọ́ńbà ọkọ̀ yín, ìpínrọ̀ 9 nínú Schedule 4 ló sì kàn yín. Ó ní lẹ́tà, èyí tí wọ́n ń pè ní Notice to Keeper, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olórúkọ láàárín ọjọ́ 14, kíkà sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ọkọ̀ wà níbẹ̀. 2 oṣù Kẹta ni ọjọ́ kìn-ín-ní yín, 15 oṣù Kẹta sì ni ọjọ́ kẹrìnlá. Dídé ni òfin wí, kò wí kíkọ. Lẹ́tà tó bá gba póòsì, òfin gbà pé ọjọ́ iṣẹ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló dé, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ọjọ́ mìíràn ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni 13 oṣù Kẹta. Ọjọ́ Ẹtì 14 jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan, a fo Àbámẹ́ta àti Àìkú, ọjọ́ Ajé 17 di ìkejì. Wọ́n ti pẹ́. Ká ní Ọjọ́rú 12 ni wọ́n fi ránṣẹ́ ni, ọjọ́ Ẹtì 14 là bá kà á sí pé ó dé, wọn ì bá sì wà lórí ẹsẹ̀ òfin. Ọjọ́ kan péré ni. Nítorí náà ẹ wá àpò lẹ́tà náà, ẹ wo bóyá òǹtẹ̀ póòsì wà lára rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó dé gan-an sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi ìwé sára gíláàsì ni, ìṣirò yí padà: wọn gbọ́dọ̀ fún awakọ̀ ní ọjọ́ 28 ná, kí lẹ́tà olórúkọ tó dé láàárín ọjọ́ 28 tó tẹ̀ lé e, ìyẹn láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n sí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gọ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á bá ìwé lára gíláàsì, inú á bí wọn, wọ́n á kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ náà pé “mo kàn wọlé lọ ra búrẹ́dì ni.” Wọ́n ti sọ awakọ̀ fún wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọkọ̀, ilẹ̀ àti àsìkò tí ọkọ̀ fi wà níbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé wọn kò mọ awakọ̀, kó ní kí ẹ sanwó tàbí kí ẹ dárúkọ ẹni náà, kó sì kìlọ̀ pé bí ọjọ́ 28 bá kọjá, àwọn yóò ní ẹ̀tọ́ láti gba owó náà lọ́wọ́ yín. Bí ìkìlọ̀ ọjọ́ 28 yìí kò bá sí níbẹ̀, tó jẹ́ pé “a ó kà á sí pé ẹ̀yin lẹ wà á” ni wọ́n kọ, wọn ò lo Schedule 4 rárá nìyẹn. Òfin kò sọ níbì kankan pé olórúkọ ni awakọ̀. Ẹ wo ilẹ̀ náà pẹ̀lú: pápákọ̀ òfurufú, èbúté tàbí ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ní òfin byelaws tirẹ̀ lórí páàkì kò sí lára ilẹ̀ tí Schedule 4 kàn.

Ó wá kan lẹ́tà kíkọ. Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Lédè wa, “ó” kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ “he” tàbí “she” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹni náà fún wọn. “The driver” ni kí ẹ máa lò látòkè délẹ̀. Ẹ má kọ “I parked”, ẹ má kọ “we”, ẹ má ṣàlàyé ohun tí wọ́n lọ rà. Lórí fọ́ọ̀mù íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí ẹ mú ẹni tí ẹ jẹ́. “Registered keeper”, ìyẹn olórúkọ, ni kí ẹ tẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ yín kò ju èyí lọ: ẹ̀yin ni olórúkọ, ẹ kò dárúkọ awakọ̀, lẹ́tà wọn pẹ́ ju ọjọ́ 14 inú ìpínrọ̀ 9, nítorí náà wọn ò lè gbà á lọ́wọ́ yín, kí wọ́n fagi lé e tàbí kí wọ́n fún yín ní kóòdù ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà. Ẹ má parọ́ o. Kéèyàn má dárúkọ awakọ̀, òfin gbà á. Kéèyàn tó wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òun kọ́, irọ́ ni, ó sì lè ba gbogbo ẹjọ́ jẹ́ níwájú adájọ́.

Àwọn àwíjàre mìíràn wà tí ẹ lè fi kún un: pátákó tí kò hàn tàbí tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kéré jù, ìṣẹ́jú 10 àfikún tí ìlànà iṣẹ́ wọn fún awakọ̀ lẹ́yìn tí àkókò bá pé, àti ẹ̀rí pé ẹni tó ni ilẹ̀ fún wọn láṣẹ. Ẹ lọ ya fọ́tò pátákó náà lójú ibi tí awakọ̀ máa gbà wọlé. “Owó náà ti pọ̀ jù” nìkan kò ràn án. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dáhùn ìyẹn ní 2015 nínú ẹjọ́ ParkingEye v Beavis: £85 ni, torí ìṣẹ́jú 56 lórí wákàtí méjì ọ̀fẹ́ ní Chelmsford, wọ́n sì ní owó náà tọ́ torí pé pátákó ibẹ̀ hàn kedere.

Ọjọ́ 28 ni ẹ ní láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ wo ẹgbẹ́ tí wọ́n wà, torí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn tó wà nínú British Parking Association, POPLA ni wọ́n ń darí yín sí. Àwọn tó wà nínú International Parking Community, IAS ni. Gbèdéke wà nínú lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá. POPLA kì í gbowó lọ́wọ́ yín, ìdájọ́ wọn sì de ilé iṣẹ́ náà láìde ẹ̀yin. Ẹ to àwọn àwíjàre yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìṣirò ọjọ́ ṣáájú, torí ohun tí ẹ bá gbàgbé níbẹ̀ ṣòro láti mú wọlé lẹ́yìn náà. Ẹ mọ̀ ọ́n síbi pé ẹ̀dínwó tó sọ £100 di £60 sábà máa ń lọ bí ẹ bá ti gbé e dé POPLA. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, n kò ní jẹ́ kí £40 yẹn bà mí lẹ́rù.

Bí ẹ bá pàdánù tí ẹ kò sì sanwó, lẹ́tà àwọn tó ń báni gba gbèsè á máa rọ̀jò, pẹ̀lú £70 lórí £100. Wọn ò lè dógò tì yín, wọn ò lè wọlé yín, wọn ò lè gbé ẹrù. Ohun tí Schedule 4 sì gbà kí wọ́n gbà lọ́wọ́ olórúkọ kò ju iye tó wà nínú Notice to Keeper lọ. Èyí tó yẹ kó ta yín jí ni Letter of Claim, lẹ́tà ìkìlọ̀ tó máa ń ṣáájú ilé ẹjọ́, tó fún yín ní ọjọ́ 30 láti fèsì, àti fọ́ọ̀mù ilé ẹjọ́ county fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé, ẹ fèsì pé ẹ ti gbà á. Ìyẹn á sọ àkókò ìgbèjà yín di ọjọ́ 28. Ẹni tó bá dákẹ́, ìdájọ́ á wáyé lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá san án láàárín oṣù kan, ọdún 6 ni ìdájọ́ ilé ẹjọ́ county yẹn, tí wọ́n ń pè ní CCJ, máa fi wà lórúkọ rẹ̀, tó bá fẹ́ yáwó ra ilé tàbí tó bá fẹ́ gba fóònù oníwèé àdéhùn, á bá a níbẹ̀.

Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń kó láti ilé kan sí òmíràn: ẹ yí àdírẹ́sì V5C padà lọ́dọ̀ DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, lọ́sẹ̀ tí ẹ bá kó. Ọ̀fẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni àìṣe é lè fa ìtanràn tó tó £1,000. Ọ̀dọ̀ DVLA ni ilé iṣẹ́ páàkì ti ń gba àdírẹ́sì, ilé àtijọ́ ni lẹ́tà á máa lọ, ilé ẹjọ́ náà á sì ránṣẹ́ síbẹ̀. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ yàtọ̀ o: pé ẹ yí tiẹ̀ padà kò yí ti V5C.