Ṣé àgbẹ̀ Indonéṣíà tó fi oko ìrẹsì dógò lè gbà á padà láìsan gbogbo owó?

Ó lè gbà á. Òfin nọ́ńbà 56 ti ọdún 1960, abala 7, sọ pé bí oko bá ti pé ọdún 7 lọ́wọ́ ẹni tó gbà á dógò, kó dá a padà láàárín oṣù kan lẹ́yìn ìkórè, kò sì gbọdọ̀ béèrè kọ́bọ̀. Wọ́n kà á sí pé èrè oko ti kájú owó rẹ̀.

Tí kò bá tíì pé ọdún 7, ẹ yọ iye ọdún tó ti lò kúrò nínú 7½, ẹ pín in sí ọ̀nà 7, kí ẹ wá fi owó dógò sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní mílíọ̀nù 21 rupiah ni, tó sì ti lo ọdún 4: ìdajì ló kù, mílíọ̀nù 10.5 ni olóko máa san. Ẹ jẹ́ kó kórè tán ná o.

Àìsí ìwé ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú lábúlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ àdéhùn. Bí ẹlẹ́rìí bá kú, ta ló máa sọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ ọjọ́, owó àti ààlà oko sílẹ̀, kí olórí abúlé buwọ́ lù ú. Girik tí àwọn kan ń gbé jáde, àkọsílẹ̀ owó orí ilẹ̀ lásán ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni ló ni ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í sì í pẹjọ́ rárá, torí aládùúgbò tàbí mọ̀lẹ́bí ló yá wọn lówó.